Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÌDÁNÁ: Ọ̀bẹ Ni Ìyá Ọbẹ̀

Àwọn àgbà ní ọjọ́ ikú erin là ń rí onírúurú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n erin kọ́ ló ń wọ ilé tiwa. Ọ̀yà kan tàbí itan ìgalà kan ni ẹni tó ti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bọ̀ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì. Bó bá délé, ẹ ó rí i pé ilé tó ní àwo ìgbàlejò méjìlá kò ní ọ̀bẹ kan ṣoṣo tó mú. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún kan, àna mi mú ọ̀yà bọ̀ láti oko. Inú mi dùn, mo gbé àdá tí a fi ń ro ẹ̀yìnkùlé, mo gbé ọ̀yà lé orí kùkùté igi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a. Gbì! Gbì! Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Òkèlè kẹta ni àna mi ń gbé mì tí ojú rẹ̀ yí padà. Èèrún egungun ti há a ní ọ̀fun! Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tètè gbá a lẹ́yìn, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Àdá ló fọ́ egungun wẹ́wẹ́. Èmi ni mo sì bù ú sí àwo àlejò mi.

Mo ní n kò ní lo àdá mọ́. Nígbà kejì, mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ iṣu. Ojú ọ̀bẹ náà ti kú. Mo tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Mo tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀ lórí awọ, ó sì wọ ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì mi. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rán an. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò lè ro ọkà, n kò lè fọ aṣọ.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ọ̀bẹ tó mú kò léwu tó ọ̀bẹ tó kú. Èyí tó mú, ìka ni ẹ ó fi darí rẹ̀. Èyí tó kú, agbára ni ẹ ó fi tì í, bí agbára bá sì yọ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò balẹ̀. Ọwọ́ tí tíṣà fi ń mú ṣọ́ọ̀kì, tí ìyá ọlọ́jà fi ń ka owó, kò yẹ kó ti ara ọ̀yà bàjẹ́.

Ọ̀bẹ mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Èkíní ni ọ̀bẹ ìbówọ. Kó kúrú, bí íǹṣì 3 tàbí 4, kí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí oṣù tuntun, kó má baà lu awọ jálẹ̀. Bí ẹ bá ń la inú ẹran, ẹ kọ ojú ọ̀bẹ sókè, kí ìka méjì wà lábẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ láti ti ìfun sẹ́yìn. Bí ìfun tàbí àpò ìtọ̀ bá bẹ́, ẹran bàjẹ́ nìyẹn.

Èkejì ni ọ̀bẹ tí a fi ń yọ ẹran kúrò lára egungun. Kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó ní ṣóńṣó, kó gùn tó íǹṣì 5 tàbí 6. Èyí tó le ni ó dára fún itan ìgalà. Èyí tó ń tẹ̀ díẹ̀ ni ó dára fún ẹran kékeré. Ẹ̀kẹta ni ohun líle fún egungun ẹ̀yìn nìkan: ayùn tó mọ́ sàn ju àdá lọ, nítorí kì í fọ́ egungun káàkiri. Bí owó kò bá ká ju ẹyọ kan lọ, ẹ ra èkejì.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí dídán ọ̀bẹ tàn yín. Ẹ wo ìdí èèkù, bóyá irin náà gba inú igi já dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi omi tutù pa á lára, kí ẹ dì í mú. Bó bá ń yọ̀ nínú omi, yóò yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀rá. Ẹ wò ó bóyá ohun kan wà láàárín èèkù àti ojú ọ̀bẹ tí kò ní jẹ́ kí ìka sáré lọ síwájú. Ẹ má sì fojú tẹ́ḿbẹ́lú alágbẹ̀dẹ wa. Irin abẹ́ mọ́tò ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rọ ọ̀bẹ; ó rọrùn láti pọ́n, ó sì ń pẹ́ kó tó kú. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ nù ún gbẹ, kí ìpáàrà má baà jẹ ẹ́.

Nísinsìnyí, báwo ni a ó ṣe kun ún? Ẹ má ṣá egungun. Oríkèé ni ilẹ̀kùn ẹran. Ẹ di ẹsẹ̀ ọ̀yà mú, ẹ mì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka wá ibi tó ti ń yí. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gé iṣan, ẹsẹ̀ yóò sì já láìsí ariwo. Bó bá jẹ́ itan ìgalà, ẹ là á títí ẹ ó fi kan egungun, kí ẹ wá máa fi ọ̀bẹ ha ara egungun náà díẹ̀díẹ̀, kí ojú ọ̀bẹ máa lọ sí ọ̀nà tó jìnnà sí ọwọ́ kejì. Ẹran ẹ̀bá egungun ló ń pẹ́ tutù, òun ló sì ń kọ́kọ́ rà nínú itan ńlá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a yọ egungun kí a tó yan án. Egungun náà kò ṣòfò. Ẹ sè é fún omi ọbẹ̀.

Bí ìbọn ló pa ẹran náà, ẹ wá ọta jáde, kí ẹ gé ẹran tó dúdú yí i ká sọnù. Òjé ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọta, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹran tó ṣàìsàn, tàbí tí a bá ní òkú nínú igbó, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Bí ọwọ́ yín bá ní egbò, ẹ fún ẹlòmíràn ní ọ̀bẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ní ọdún 1969 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Eku kékeré kan tó ń wọ ilé ló ń gbé e kiri, ẹni tó bá sì ń kun irú eku bẹ́ẹ̀ lè kó o. Nítorí náà, eku tí àwọn ọmọ pa nínú ilé kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

Ó ku pípọ́n. Ẹ fi omi sórí òkúta, ẹ tẹ́ ọ̀bẹ lé e, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè níwọ̀n ìka ọmọńdinrín. Ẹ pọ́n ọ̀tún, ẹ pọ́n òsì, iye kan náà. Bó bá lè ya bébà láìfà á, ó tó. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọṣẹ àti omi gbígbóná fún ọ̀bẹ, fún pákó, fún ọwọ́. Ẹ kì í bọ inú àkọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fò sẹ́yìn. Ẹ má ṣe hán an.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwa tó ni ín la ó tọ́jú rẹ̀. Àna mi ṣì ń mú ọ̀yà wá. Ṣùgbọ́n kó tó jókòó jẹun, ó máa ń bi mí léèrè pé, “Ìyàwó, àdá ni àbí ọ̀bẹ?” Mo sì máa ń dá a lóhùn pé, “Ọ̀bẹ ni o, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ.”

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.