Ìwé Èsì Kì í Ṣe Ìdájọ́ Ikú

Ọ̀rọ̀ inú ilé mi ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì kí n tó mú gègé, òun ni ó sì wí pé, "Ẹ kọ ọ́, Bàbá Ìbejì. Ó wà nínú àwọn tí a jọ ń tajà tí irú rẹ̀ ń jẹ nínú, tí wọn kò lè sọ."

Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ ní ọdún tí ó kọjá, ara rẹ̀ le, kò sí ibi tí ó ń dùn ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n na ìwé èsì sí i láti ojú fèrèsé, wọn kò ṣàlàyé. Ohun tí a rí lórí ìwé náà ni pé ibẹ̀ kò rí bí ó ti yẹ kí ó rí.

Èmi tí mò ń pe ara mi ní tíṣà, mo ka ìwé náà títí, ikú nìkan ni mo rí kà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì ge ọ̀pá aṣọ mẹ́fà fún oníbàárà tí ó san owó mẹ́rin. Èmi náà gbé máàkì ọmọ kan fún ọmọ mìíràn.

Àwọn tí ó gbọ́ fìrìfìrì rẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹnì kan ní àgbo kan wà tí a máa ń kì sí ojú ara. Ẹlòmíràn ní ọkọ alágbèrè ni ó ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó fẹ́ tú ilé wa ká. Bí mo bá pẹ́ ní ilé-ìwé, ìyàwó mi a máa wò mí láti òkè délẹ̀. Èmi pẹ̀lú, kí n má purọ́, mo ń ro ohun tí kò yẹ sí i. A kò sùn, a kò sì bi ara wa léèrè.

Ní òru ọjọ́ kan ni ó wí pé, "Bàbá Ìbejì, bí mo bá kú, ta ni yóò máa di irun àwọn ọmọ yìí?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ilẹ̀ mọ́, mo kọ gbogbo ìbéèrè wa sínú ìwé kan, a sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó tó ìyá wa ni a bá pàdé. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ni ó sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ni?" Ó ní kòkòrò kan tí ń jẹ́ HPV ni ó sábà máa ń fa ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ìbálòpọ̀ ni ó fi ń ràn, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí tí kì í ní in nígbà kan. Ó sì lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì hàn. "Nítorí náà," ni ó wí, "ẹ má fi ìwé yìí mú ẹnikẹ́ni lólè." A wo ojú ara wa, ìtìjú sì mú wa.

Ó tún ṣàlàyé pé ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé kòkòrò náà lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Bí kò bá lọ, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ìyípadà náà tó di jẹjẹrẹ, àfi nínú ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, bí ẹni tí ó ní kòkòrò HIV tí kò gba ìtọ́jú, tí ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí àyẹ̀wò yìí wà fún nìyẹn."

Dókítà fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ibẹ̀. Ó ní ìyípadà náà kéré, kò gba iṣẹ́ abẹ, kí a padà wá lẹ́yìn oṣù 12. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fi ooru tàbí òtútù pa ibi tí ó yí padà, tí wọ́n sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ọdún náà kò tíì pé. Oṣù kẹwàá ni ọjọ́ wa, mo ti fi báírò pupa yí i po lára kàlẹ́ńdà. Ẹ̀rù ṣì ń bà wá nígbà mìíràn, pàápàá ní òru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí nínú wa ń jí ẹnìkejì, a ó sọ ọ́, a ó sì sùn. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé èsì ọmọ pé kí ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, n kò lé e kúrò ní ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tiwa náà rí.

Ẹ̀yin ìyá, bí irú ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ẹ rí, kí ni ó kàn láti ṣe, ọjọ́ wo ni kí n padà wá? Ẹ má ki àgbo tàbí ọṣẹ sí ojú ara. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀, ìbáà bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ lọ kíákíá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ. Abéèrè kì í ṣìnà.

Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà kòkòrò yìí. Ìyá wọn ni ó mú wọn lọ gbà á. Ó di irun wọn kí wọ́n tó jáde.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.