Ẹ̀rọ Àdánìkanmu àti Kọfí Oníyìnyín

Láàárín àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀dọ́ amòye, ọ̀rọ̀ kan ti ń gbilẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mu kọfí oníyìnyín nínú ilé rẹ̀, àfi kí ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo kápúsù, kí ó ti kápúsù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí kọfí sì máa ṣàn sórí yìnyín. Wọ́n ní ọ̀làjú nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń fi ṣíbí po kọfí rẹ̀, ará oko ni. Èmi ní irọ́ ni. Mo ní nínú gbogbo ohun tí a lè fi ẹ̀rọ náà ṣe, kọfí oníyìnyín ni kò yẹ ẹ́ jù lọ, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹni tí kò tíì rí i má bàa ṣì mí gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rédíò àtijọ́ lọ. Ó ní ohun tí a ń rọ omi sí, ó ní iná mànàmáná tí ń mú omi náà gbóná, ó sì ní ẹnu kan tí ń là sókè. Inú ẹnu yìí ni a ń fi kápúsù sí, èyíinì ni ife kékeré tí a fi ike tàbí alúmíníọ̀mù ṣe, tí a rọ ìyẹ̀fun kọfí sí nínú, tí a sì fi ìdérí lẹ̀ pa. Bí a bá pa ẹnu náà dé, abẹ́rẹ́ yóò gún kápúsù náà, omi gbígbóná yóò gba inú rẹ̀ kọjá, kọfí yóò sì kán sínú ife. Kápúsù kan, ife kan, ẹnì kan. Nítorí náà ni mo ṣe sọ ọ́ ní ẹ̀rọ àdánìkanmu. Ní ti orúkọ kápúsù, èmi kọ́ ni mo dá a. Àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì. Ní èdè Látìnì tí ó ti wá, àpótí kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Éric Favre, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Nestlé ní Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1976, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1986 pẹ̀lú orúkọ Nespresso. Ní Amẹ́ríkà, John Sylvan àti Peter Dragone ni ó dá Keurig sílẹ̀, ẹ̀rọ wọn sì kọ́kọ́ wọ inú ọ́fíìsì ní 1998. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí sí ọkàn. Fún akọ̀wé tí ó fẹ́ ife kọfí gbígbóná kan kíákíá ni wọ́n ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ronú yìnyín.

Kọfí oníyìnyín kì í ṣe kọfí gbígbóná tí ó ṣèèṣì tutù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ka omi tí ó wà nínú yìnyín mọ́ ìṣirò rẹ̀. Ẹ wò ó. Ife kékeré lórí ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà tó mìlílítà 180, omi náà sì ń jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá fẹ́ kí yìnyín mú un wálẹ̀ dé ìwọ̀n 5, ẹ béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì: yìnyín tí yóò yọ́ kí ó tó tutù tó bẹ́ẹ̀ yóò tó gíráàmù 180, ọgbọọgba pẹ̀lú kọfí náà fúnra rẹ̀. Èyí ni pé ife kan ti di méjì, kọfí inú rẹ̀ kò sì lé. Àwọn tí ó fi ọ̀ràn kọfí ṣe iṣẹ́ sọ pé gíráàmù 55 ìyẹ̀fun ni ó yẹ líta omi kan. Kápúsù Amẹ́ríkà kan gba nǹkan bí gíráàmù 10. Nínú mìlílítà 180, ó tọ́, kò sí ohun tí a lè wí sí i. Nínú 360, ìdajì agbára rẹ̀ ni ó kù. Ohun tí ẹ ń mu kì í ṣe kọfí mọ́, omi tí a fi kọfí pa láró ni. Bí ẹ bá sì wá yan ife ńlá orí ẹ̀rọ náà nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ yín, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá.

Kápúsù ti Yúróòpù sàn díẹ̀, n kò jiyàn. Gíráàmù 5 kọfí nínú mìlílítà 40 ni, ó le, kì í sì í yọ́ yìnyín púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti tutù tán, gbogbo rẹ̀ kò ju ẹnu mẹ́rin lọ.

Àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀rọ náà kò ṣàìmọ èyí, nítorí náà ni ìmọ̀ràn wọn ṣe pọ̀. Wọ́n ní ẹ yan ife tí ó kéré jù. Wọ́n ní ẹ lo kápúsù méjì lé ara wọn. Ẹ po ṣúgà mọ́ ọn nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí ṣúgà kì í tètè yòrò nínú ohun tútù. Ẹ ṣe kọfí láti àná, kí ẹ dà á sínú àwo yìnyín nínú fírísà, kí ẹ lè fi yìnyín kọfí mu kọfí òní. Ìmọ̀ràn rere ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ra ẹ̀rọ náà ná, kí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi tà á fún wa? Ìyára ni. Ẹni tí ń ti àná ṣe kọfí òní, tí ń fi kápúsù méjì ṣe ife kan, ìyára dà? Ẹni tí ó ra mọ́tò tí ó sì ń tì í lọ sí ọjà ni. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà pàápàá ti jẹ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, nítorí Keurig ti gbé òmíràn jáde tí ó ní bọ́tìnnì ti yìnyín: omi rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ ní gbígbóná, a sì máa rọlẹ̀ bí ó ti ń ṣàn, kí yìnyín má bàa yọ́ jù. Bí kò bá sí egbò, ta ní ń wá ohun tí a ó fi dì í?

Ìbínú mi tí ó tóbi jù kò sí nínú ife rárá. Ó wà ní ẹnu ẹ̀rọ náà. Ní 2014, Keurig gbé ẹ̀rọ titun kan jáde tí ó ní ojú. Bí ẹ bá fi kápúsù sí i, yóò wo tàdáwà tí ó wà lórí ìdérí rẹ̀. Bí kò bá rí àmì tí ó mọ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Kápúsù tí ilé-iṣẹ́ tí kò bá a dá májẹ̀mú ṣe, ó kọ̀ ọ́. Agbọ̀n kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń lo kọfí tí wọ́n fúnra wọn lọ̀, ó kọ̀ ọ́. Ẹ rántí o, ẹ̀rọ tí ènìyàn ti fi owó rẹ̀ rà, tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀, nínú ilé rẹ̀! Ta ni ó gbọ́ rí pé ìkòkò béèrè ọjà tí a ti ra ẹ̀fọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà fárí gá, ọjà náà kùtà, nígbà tí ó sì di 2015 ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jáde, ó ní àwọn ṣìṣe, àwọn yóò dá agbọ̀n náà padà. Wọ́n dá a padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ rí, tí ó sì ṣí i nítorí pé o pariwo, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sì gbé e wá sí ilẹ̀ wa. Kọfí ń hù níhìn-ín. Ó ń hù ní Kábà láàárín àwọn ará wa Òkun, ó ń hù lórí òkè Mambilla ní Tàrábà. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964 sì ní kọfí lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí a fi sí ìtọ́jú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá yan kọfí rẹ̀, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó dì í sínú àpò, báwo ni yóò ti wọ ẹnu ẹ̀rọ tí ń béèrè ìwé-ẹ̀rí?

Ní ti ìdọ̀tí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn aláṣẹ ti sọ ọ́ jù mí lọ. Ìlú Hamburg ní Jámánì kọ̀ ní 2016 pé kí a má ṣe fi owó ìlú ra kápúsù kọfí mọ́. Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ìtanràn lọ́wọ́ àwọn tí ó ni Keurig, nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé a lè tún kápúsù wọn lò, wọ́n kò sì sọ pé méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kó irú ike bẹ́ẹ̀ ti ń kùn pé àwọn kò ní gbà á. John Sylvan tí ó dá a sílẹ̀, tí ó ti ta ìpín tirẹ̀ ní 1997 ní 50,000 dọ́là, sọ fún ìwé ìròyìn The Atlantic ní 2015 pé òun máa ń kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn, àti pé òun kò ní ọ̀kan nílé, nítorí pé ó wọ́n láti lò. Ó wọ́n lóòótọ́. Bí kápúsù tí ó gba gíráàmù 10 bá jẹ́ ààbọ̀ dọ́là péré, kílò kọfí kan di 50 dọ́là. Alágbẹ̀dẹ kọ̀ láti fi àdá tirẹ̀ ṣán oko, ẹ̀yin ẹ̀ ń dù ú rà!

Ẹ jẹ́ kí àlejò márùn-ún wọlé ní ọ̀sán gangan, kí oòrùn mú. Ẹ ó ṣe ti ẹnì kìn-ín-ní, ẹ ó yọ kápúsù, ẹ ó fi òmíràn sí i, ẹ ó dúró kí omi gbóná, ẹ ó ṣe ti ẹnì kejì. Nígbà tí yóò bá kan ẹnì karùn-ún, yìnyín ẹni àkọ́kọ́ ti di omi, bí kò bá ti mu ún tán kí àwọn yòókù tó rí nǹkan fi kan ẹnu. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ẹ̀rọ yìí sì ń fi dandan mú kí ẹnì kan má ní.

Kí wá ni kí a ṣe? Àwọn ìyá wa alágbo ti dáhùn kí a tó béèrè. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo egbò ni a ń gbé kaná. Òmíràn wà tí a ń kó sínú ìgò, tí a ń da omi tútù tàbí omi ògì lé, tí a ń dé, tí a sì ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi náà yóò rọra fa agbára egbò jáde láìsí iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọfí. Ẹ mú gíráàmù 100 kọfí tí a kò lọ̀ kúnná, ẹ dà á sínú líta kan omi tútù nínú ohun tí ó mọ́, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 12 sí 18. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ fi omi tàbí wàrà là á dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì fi yìnyín sí i. Yìnyín náà kò ní tètè yọ́, nítorí ohun tútù ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó bá pàdé, kọfí náà kì í sì í korò bí ti gbígbóná. Ó tó ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo wọn a sì mu ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Houston a máa fi ẹ̀rọ náà ta wá lọ́rẹ bí wọ́n bá wálé ní Kérésìmesì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n fólíti 120 ni ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ń lò, iná tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí. Ẹni tí ó bá tì í bọ ara ògiri láìsí tíráńsífọ́mà yóò fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó sì ń jẹ nǹkan bí wáàtì 1,500 bí ó bá ń mú omi gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e.

N kò bá gbogbo ènìyàn jà. Nọ́ọ̀sì tí ó ti iṣẹ́ òru dé, tí ó fẹ́ ife kọfí gbígbóná kan kí ó tó wa ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ẹ fi òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè gbé kẹ́tùlù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ti gbígbóná ni mo gbà fún wọn. Ti yìnyín ni mo kọ̀.

Àwa tí a wà ní ilé-gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́, tí kò ní fíríìjì, tí wọ́n ń sọ fún pé kọfí oníyìnyín di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti òkè òkun dé? Ẹ ra sáṣẹ́ẹ̀tì kọfí méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ po òun àti ṣúgà nínú jọ́ọ̀gì títí wọn yóò fi yòrò. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan tí ó ti dì gbagidi, ẹ lù ú mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó fọ́, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ dà á lé kọfí náà lórí. Bí ẹ bá ní wàrà, ẹ fi sí i. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì kù fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá.