Yìnyín bo àgọ́ ní Himalaya: ta ló ń gbé ẹrù ìgbafẹ́ orí òkè?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nǹkan bí 580 arìnrìn-àjò há sínú àgọ́ ní àfonífojì Karma, lápá ìlà-oòrùn òkè Everest, ní Tibet tó wà lábẹ́ ìjọba Ṣáínà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Kò dáwọ́ dúró. Àwọn kan nínú wọn sọ pé ó ga tó mítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ àwọn. Àgọ́ míì wó lulẹ̀ lórí àwọn tó sùn sínú rẹ̀, ààrá ń sán, ọ̀nà sì dí pátápátá. Títí di ọjọ́ Àìkú, 350 péré ló ti rọ́nà dé ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Qudang. Ó tó ọjọ́ mélòó kan sí i kí àwọn tó kù tó jáde, lẹ́yìn tí àwọn ará abúlé àti òṣìṣẹ́ ìdóòlà ti la yìnyín kúrò lójú ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó kú ní àfonífojì yẹn. Ọpẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn sì ti pa ìwé wọn dé níbẹ̀. Èmi ò tíì fẹ́ pa tèmi dé o.

Ìdí ni pé nọ́ńbà kan wà nínú ìròyìn yẹn tó kọjá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe arìnrìn-àjò 580 nìkan. Àwọn tó lé ní 300 míì wà pẹ̀lú wọn: afinimọ̀nà, àwọn tó ń da ẹran yak, àwọn òṣìṣẹ́ àgọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Bí arìnrìn-àjò méjì bá wà nínú yìnyín, ó ju òṣìṣẹ́ kan lọ tó wà níbẹ̀ tìtorí tiwọn. Àwọn wọ̀nyí ò lọ gbafẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé lónìí.

Irú ìrìn wo tiẹ̀ ni?

Ẹ má fi wé òkè Ìdànrè tí a máa ń gùn ní Sátidé tí a ó sì ti padà délé kílẹ̀ tó ṣú. Lápá Nepal tí wọ́n ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest, ilé ìtura kéékèèké wà lójú ọ̀nà, ẹ ó rí tíì àti oúnjẹ gbígbóná rà. Ní àfonífojì Karma, kò sí ìyẹn. Àgọ́ lẹ ó máa sùn lóròòru. Oúnjẹ, gáàsì, àpò ìsùn, gbogbo ẹ̀ ni yak máa rù. Yak ni màlúù onírun gígùn tí àwọn ará Tibet ń sìn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ọ̀nà gun Everest gba àfonífojì yìí kọjá ní 1921, láti ìgbà yẹn sì làwọn èèyàn ti ń sọ bó ṣe rẹwà tó. Ohun tí fídíò orí fóònù kì í sọ ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá ti wọ inú àfonífojì náà, àtijáde padà sí Qudang gba pé kí ẹ tún gun ọ̀nà àárín òkè tó ga tó nǹkan bí 5,000 mítà. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ara èèyàn ò mọ ọlidé

Bí a bá ti kọjá 2,500 mítà, àìsàn orí òkè lè mú ẹnikẹ́ni: orí fífọ́, èébì, àìróorunsùn. Tó bá le, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú, àwọn méjèèjì sì ń pààyàn. Ní ẹsẹ̀ òkè Everest lápá Nepal, ní 5,364 mítà, afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ò ju nǹkan bí ìdajì èyí tó wà létí òkun lọ. Agbára tàbí ọjọ́ orí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń lọ jímù lójoojúmọ́ lè dákú, kí bàbá àgbà tó rọra ń rìn máa bá tiẹ̀ lọ.

Òògùn wà tó lè ranni lọ́wọ́, Diamox ni èyí tí wọ́n mọ̀ jù. Àmọ́ oògùn tó dájú jù ni kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn lónìí ò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná, kẹ́ ẹ sì máa sinmi fún ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Wàyí o, ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọlidé oṣù Kẹwàá ní Ṣáínà lọ́dún 2025 jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 8. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ni òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ tàbí ti kọ̀ǹpútà láti ìlú ńlá máa wọ bàálù dé Lhasa, tó ga ní 3,650 mítà, tó máa wọ mọ́tò, tó máa gun òkè, tó máa sùn nínú àgọ́, tó sì máa padà síbi iṣẹ́. Níbo ni ọjọ́ ìsinmi fẹ́ gbà wọlé? Tí yìnyín bá wá dé, tí ọ̀nà àárín òkè sì dí, oògùn tó dájú jù yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Lójú tèmi, ohun tó burú jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ Karma nìyí, ju yìnyín gan-an lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé òtútù àti ọ̀rinrin mú àwọn débi pé ẹ̀rù bà àwọn pé àwọn lè gan pa. Ní ìpínlẹ̀ Qinghai, ní Ṣáínà kan náà, lásìkò ọlidé kan náà, arìnrìn-àjò kan kú lórí òkè nítorí òtútù àti àìsàn orí òkè.

Oṣù Kẹwàá ti yí ìwà padà

Ẹnikẹ́ni tó ń ta ìrìn-àjò Himalaya máa sọ fún yín pé oṣù Kẹwàá ló dáa jù. Òjò ti lọ, ojú ọ̀run mọ́, òtútù ò tíì le. Òótọ́ ni, ó pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n afinimọ̀nà kan tó wà ní Karma sọ fún àwọn tó mú lọ pé òun ò rí irú ojú ọjọ́ báyìí rí nínú oṣù Kẹwàá. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, lódì kejì òkè, òjò àti ilẹ̀ tó ya pa èèyàn tó lé ní 40 ní Nepal, àgbègbè Ilam ló sì jẹ̀yà jù.

Kì í sì ṣe àkọ́kọ́. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ìjì líle kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí òkun lápá Íńdíà gbé yìnyín lọ da sórí ọ̀nà Annapurna ní Nepal. Nítòsí ọ̀nà àárín òkè Thorong La, tó ga ní 5,416 mítà, àti ní àgbègbè rẹ̀, èèyàn 43 ló kú: àlejò, afinimọ̀nà, alábàárù, àwọn ará ìlú. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa.

Mi ò ní sọ pé ìjì kan ṣoṣo ni ẹ̀rí pé ayé ń gbóná. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ní ICIMOD, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Kathmandu, sọ ní 2023 pé yìnyín ayérayé orí àwọn òkè yẹn yọ́ láàárín 2011 sí 2020 ní ìwọ̀n tó fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ti ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú lọ. Òkè ń yí padà. Kàlẹ́ńdà àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ò yí padà.

Àwọn tó ń rù ú

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ní Nepal, ibi tí yak ò bá ti rù ú, alábàárù ló máa rù ú. Okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní namlo ni wọ́n fi ń kọ́ ẹrù sí iwájú orí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science ní 2005 wo àwọn alábàárù tó ń kó ọjà lọ sí Namche: ní ìpíndọ́gba, ẹrù orí ọkùnrin kan tó ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn alábàárù Mushin àti Bódìjà, ẹ fojú inú wò ó: irú ẹrù yẹn, lórí àtẹ̀gùn òkúta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dín kù.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ara wọn ti mọ́ òkè, pé àìsàn ò lè mú wọn. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ alábàárù ló wá láti ìsàlẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe àlejò náà ló ṣe ń ṣe wọ́n. Ní 1997, ọmọ ogún ọdún kan tó ń ru ẹrù lọ sí Thorong La ṣàìsàn. Wọ́n sanwó ẹ̀ fún un, wọ́n ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan. Ó kú. Ikú ẹ̀ ló mú kí àwọn kan dá ẹgbẹ́ International Porter Protection Group sílẹ̀, láti jà fún aṣọ, ibi ìsùn àti ìtọ́jú àwọn alábàárù.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 ẹ̀wẹ̀, yìnyín ya lu òṣìṣẹ́ Nepal 16 lórí Everest, wọ́n kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó tí ìjọba kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ò ju 40,000 rúpìì lọ, nǹkan bí 400 dọ́là. Àwọn Sherpa fárígá, wọn ò gun òkè mọ́ lọ́dún yẹn, ìjọba sì ní láti fi kún un. Nígbà náà, ìwé àṣẹ láti gun òkè yẹn ti ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Òfin ti wà, àmọ́ ta ló lè sọ pé "ó tó"?

Kí a má parọ́ mọ́ ìjọba, wọ́n ń gbìyànjú. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, Nepal ní kí àlejò má dá rìn lórí òkè mọ́ láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ àgbègbè Khumbu, níbi tí Everest wà, ní àwọn ò ní tẹ̀ lé e. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, owó ìwé àṣẹ Everest kúrò ní 11,000 dọ́là, ó di 15,000. Wọ́n tún ní oníbàárà méjì gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà kan lórí òkè tó bá ti ju 8,000 mítà lọ. Ní Tibet náà, nígbà tí yìnyín yẹn dé, wọ́n dáwọ́ tíkẹ́ẹ̀tì àgbègbè Everest dúró.

Gbogbo ẹ̀ dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè: lọ́jọ́ tí ìkùukùu dúdú bá ṣú, ta ló lágbára láti sọ pé "a ò lọ mọ́"? Afinimọ̀nà ló mọ òkè, òun ló yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà ni owó tó máa jẹ wà. Òpin ìrìn-àjò ni wọ́n máa ń fún un lówó ẹ̀bùn, lórí Everest, owó pàtàkì wà fún ẹni tó bá mú oníbàárà dé ṣóńṣó. Oníbàárà náà ti fi ọlidé ọdún kan gbáko rà á, kò fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó mọ ewu ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ò mọ ewu. Tí òfin ò bá yí ìyẹn padà, afinimọ̀nà tí wọ́n fi kún un á kàn jẹ́ ẹnì kan sí i tó máa há sínú yìnyín ni.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ò le. Kí owó òṣìṣẹ́ pé, bóyá wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ tàbí wọ́n padà lójú ọ̀nà. Kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà labẹ gé lórí ojú ọjọ́. Kí ìjọba sì máa ti ọ̀nà nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá ti kìlọ̀, kó má dúró dìgbà tí àgọ́ bá wó.

Tó bá ń wù yín láti lọ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ó ń wu àwọn kan nínú yín, mi ò sì ní dá yín dúró. Ẹ kàn gbọ́ díẹ̀. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Taraba, 2,419 mítà ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò síbì kankan nílẹ̀ wa tẹ́ ẹ ti lè fi ara yín dán àìsàn orí òkè wò kẹ́ ẹ tó lọ. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò sí lára àwọn tí Nepal ń fún ní físà ní pápákọ̀ òfurufú, kẹ́ ẹ gbà á ṣáájú ni. Tibet ní ìwé àṣẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tó ní ìwé ẹ̀rí ló máa bá yín gbà á. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ni kì í tẹ̀ lé yín kọjá ìwọ̀n gíga kan, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́rin. Ọjọ́ mélòó lẹ fi sílẹ̀ fún ìsinmi? Ọ̀nà wo la máa gbà sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá dí? Ṣé àwọn alábàárù yín ní àgọ́, aṣọ òtútù àti ìnṣọ́ránsì? Ṣé owó wọn á pé bí afinimọ̀nà bá ní ká padà? Bí wọ́n bá ń kùn lórí ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ gbé owó yín lọ síbòmíì. Ilé iṣẹ́ tí ò bá bìkítà fún ẹni tó ń ru ẹrù yín ò ní bìkítà fún yín bí yìnyín bá dé.