Ìjàpá Bàbá Mi Kò Nílò Kúlà Kejì

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nílé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti ń tún Ìjàpá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ṣe. Ìjàpá tí mò ń wí kì í ṣe ti inú àlọ́ o. Mọ́tò Volkswagen ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti bàbá mi ti ń tú u, tí a sì ń tò ó, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní báyìí tó ti ń rìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná jù. Mẹkáníìkì wa ní kí a ra ọ́ìlì kúlà kan, kí a so ó mọ́ ìta ẹ́ńjìnnì. Àbúrò bàbá mi gbè wọ́n lẹ́yìn. Bàbá mi ti fẹ́ gbà. Èmi ní rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ṣe ń tu ara rẹ̀ lára. Kò ní rédíétọ̀, kì í sì í mu omi. Ẹ̀yìn mọ́tò ni ẹ́ńjìnnì wà. Bẹ́líìtì ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sára sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ́ìlì náà ń ṣe tirẹ̀: bí lítà méjì àbọ̀ péré yẹn ṣe ń yí ká, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru kúrò lára irin. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà mọ̀ pé ọ́ìlì yóò gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi kúlà kékeré kan síbi tí atẹ́gùn fáànù yóò ti máa bà á. Nítorí náà, Ìjàpá ní kúlà tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, kí ló ṣe èyí tó ní?

Nígbà tí mo béèrè, àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ kọ́ mẹkáníìkì níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ti ọwọ́ bọ ibi tóóró tí ọwọ́ àwọn àgbà kò wọ̀. Ewé gbígbẹ ni mo fà jáde, àti eruku tó ti pò mọ́ ọ́ìlì títí ó fi le bí amọ̀. Ó ti dí gbogbo àlàfo tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lára kúlà. Róbà tó yẹ kó yí etí yàrá ẹ́ńjìnnì ká ti jẹ dànù. Páànù kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti yọ ọ́ nígbà kan, bóyá kí iṣẹ́ lè tètè yá, kò sì dá a padà.

Ẹ má fojú kékeré wo róbà àti páànù yẹn. Àwọn ló pààlà sáàárín atẹ́gùn tútù tó wà lókè àti ooru tó ń jáde nísàlẹ̀. Bí wọn kò bá sí, ooru tí ẹ́ńjìnnì ti tú jáde ni fáànù yóò tún máa fà wọlé. Ó dà bí ẹni tó jókòó ti ààrò tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀: ooru ààrò ló ń fẹ́ sí ara rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Kúlà tí a bá so mọ́ ìta, ọ́ìlì ló ń tù. Orí sìlíńdà, atẹ́gùn fáànù ló gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí a bá so kúlà kejì mọ́ ẹ́ńjìnnì tí páànù rẹ̀ kò pé, ọ́ìlì lè tutù, géèjì ọ́ìlì lè dúró síbi tó dára, kí orí sìlíńdà sì máa jó lọ. A kò wo egbò yẹn sàn. A kàn fi aṣọ bò ó ni.

Kúlà ìta kò sì ṣàì ní ewu tirẹ̀. Bọ̀dá kan ní àdúgbò wa so ó mọ́ mọ́tò wọn. Róbà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sínú rẹ̀ já lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Kí wọ́n tó kíyè sí iná pupa, ọ́ìlì ti dà tán, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Lítà méjì àbọ̀ kì í pẹ́ dà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ́ìlì tó tutù jù kò dára. Ó máa ń ki, omi tó bá sì kóra jọ sínú rẹ̀ kò ní rí ooru tí yóò lé e jáde. Láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé-ìwé ni mọ́tò tiwa yóò máa rìn.

Àbúrò bàbá mi ní oòrùn Nàìjíríà kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Jámánì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe Ìjàpá ní Brazil, wọ́n sì ṣe é ní Mẹ́síkò títí di ọdún 2003, oòrùn kò sì ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: láyé àtijọ́, kúlà inú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń dí atẹ́gùn sìlíńdà kẹta lọ́wọ́, sìlíńdà náà a sì máa gbóná ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí àwọn tó ṣe é fẹ́ ṣe àtúnṣe, ní nǹkan bí ọdún 1971, wọ́n gbé kúlà náà sẹ́yìn, wọ́n sì ya ọ̀nà atẹ́gùn tirẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n wá orísun àìsàn, wọ́n sì wò ó níbẹ̀.

N kò sọ pé kúlà ìta kò wúlò láé. Ẹni tó bá ti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di ńlá, tàbí tó fẹ́ fi sáré ìdíje, lè nílò rẹ̀. Kí ó fi tẹmọ́sítátì sí i, kí ó gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, kí ó má sì gbé e síwájú fáànù, kó má baà máa fẹ́ ooru padà sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tiwa kò kúrò ní bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo wà ní JSS 2, mo ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Wọ́n fi mí sí lẹ́sìnnì, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Odindi ọdún kan kọjá kí olùkọ́ kan tó rí i pé n kò rí pátákó. Awò ojú ni mo nílò. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra kúlà yìí náà kò kéré sí owó fọ́ọ̀mù WAEC mi tí wọn yóò san lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá mi gbọ́ tèmi dé ààyè kan. Wọ́n yá géèjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a gun Òkè Máàpó láti Bẹẹrẹ, ọ́ìlì gbóná dé 124 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A fọ kúlà, a wá páànù àlòkù, a fi róbà tuntun yí i ká. Sátidé tó kọjá, a tún gun òkè kan náà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ: 103.

Mẹkáníìkì wa ní kí n dúró de ooru oṣù kẹta. Ó dáa, mo ń dúró. Bí géèjì bá tún kọjá 120 nígbà náà, èmi fúnra mi ni n ó tẹ̀ lé wọn lọ sí Ladípọ̀ lọ ra kúlà. Títí di ọjọ́ náà, kí owó yẹn dúró sínú àpò bàbá mi.