Àpótí ló ń jẹ èrè oníṣẹ́ ọwọ́

Inú oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń dùn bí oníbàárà bá pè láti London tàbí Houston pé òun fẹ́ ra ìlù tàbí ère. Wọ́n á dá iye lé ọjà, wọ́n á gba owó. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ni ojú wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àìṣírò ló ń fà á, kì í ṣe àwọn tó ń gbé ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká ní oníṣẹ́ ọwọ́ kan n'Ígbògbò fẹ́ fi ìlù ránṣẹ́. Káfíńtà kan àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 50. Ìlù àti àpótí wọn kílò 25. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé ẹrù ń wo àyè tí ẹrù gbà pẹ̀lú. Wọ́n á sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga di púpọ̀, wọ́n á fi 5,000 pín in. Àwọn mìíràn ń fi 6,000 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín èsì yìí àti ìwọ̀n gidi ni wọ́n ń gba owó lé. Bí wọ́n bá fi 5,000 pín in, kílò 60 ni oníṣòwò máa san owó rẹ̀. Bí káfíńtà bá ṣe àpótí náà ní 100, 40 àti 40, ó di kílò 32. Ìlù kan náà ni o!

Pákó náà ní òfin tirẹ̀. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kì í gba àpótí pákó lásán tí kò ní òǹtẹ̀ ISPM 15, tó ń fi hàn pé wọ́n ti pa kòkòrò inú igi. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé kí wọ́n yan igi náà títí inú rẹ̀ fi gbóná dé ìwọ̀n 56 fún ìṣẹ́jú 30. Pláìwúùdù kò sí lábẹ́ òfin yìí, àfi bí wọ́n bá fi pákó lásán ṣe egungun àpótí náà.

Ìwé àṣẹ tún ń bẹ. Àjọ NCMM, tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ń jẹ́rìí sí i pé ère kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi awọ ọ̀nì tàbí ọ̀nì tí wọ́n kún inú rẹ̀ ránṣẹ́, kó rántí pé Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn CITES láti 1974. Láìsí àṣẹ, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà.

Àwọn kan ń sọ pé bí àwọn bá dárúkọ owó ìfiránṣẹ́, oníbàárà á sá. Oníbàárà tó máa sá, ẹ jẹ́ kó sá kí pákó tó di kíkàn. Ọjà tí wọ́n tà lówó pọ́ọ́kú, tí èrè rẹ̀ wá bá àpótí lọ, kì í ṣe òwò.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìgbògbò, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ para pọ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wọn. Á pẹ́ kó tó dé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n wọ́n á jọ pín owó rẹ̀.

Kí tépù káfíńtà máa ṣáájú ẹnu oníṣòwò.