Ọmọ Wa Tó Ń Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Thailand: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kó Wálé?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, pàápàá àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Thailand.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ohun tí à ń bi wọ́n lórí fóònù kì í ju ọ̀kan lọ: "Ṣé o ò ní wálé wá ṣe Kérésì ni?" Òótọ́ ni, àjò ò lè dùn kónílé má relé. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, Kérésì kọ́ ló yẹ ká máa retí wọn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní iléèwé ìjọba Thailand, sáà kejì ń lọ lọ́wọ́ nínú oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Kérésì gan-an kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi kíláàsì sílẹ̀ lásìkò náà ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Àárín oṣù Kẹta ni ìsinmi gígùn wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń di àárín oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó wọlé. Inú ìsinmi yìí ni ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí. Kí ló wá ṣe Àjíǹde?

Ohun kejì ni ìwé. Ẹni tó bá jáde ní Thailand láìgba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ físà látìbẹ̀rẹ̀. 1,000 baht ni ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, 3,800 baht ni ti ọ̀pọ̀ ìgbà. Kó má sì gbàgbé yẹ́lò káàdì, torí wọ́n ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé.

Ẹlòmíì á ní, "Bí ìyá àgbà bá ń ṣàìsàn ńkọ́?" Àìsàn ò mọ ìsinmi, a ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Kódà, wọ́n ń ṣe ìwé ìpadàwọlé náà ní pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi ní Bangkok fún ẹni tó ń kánjú. Àríyá la ní kó dúró dìgbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, tó kó wa jọ nínú ẹgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo iléèwé ló ń sanwó nígbà ìsinmi. Àwọn kan ń san ti oṣù 10 péré lọ́dún. Nítorí náà, kí ọmọ fi odidi ọdún kan dá owó ìrìnàjò jọ lóṣooṣù: owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó ìwé, ẹ̀bùn, àti owó tí yóò máa jẹ títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi wọlé. Àwa òbí náà, ẹ má jẹ́ ká yáwó ẹgbẹ́ kun ilé, ká tún fi ra aṣọ ẹbí, ká wá máa ní ọmọ tó ń bọ̀ ló máa san án. Ọjà ni ẹ̀yáwó wà fún. Bí ọmọ ò bá rí i san, ọrùn onígbọ̀wọ́ ló ń já lé.

Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè wa padà. Ká máa bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lẹ máa gba ìsinmi? Èló lo ti tọ́jú?" Ọmọ tó wálé, tó tún rí iṣẹ́ rẹ̀ bá nígbà tó padà, òun ló wálé ire.