Àpọ̀jù Kì í Ṣe Àìtó: Èrò lórí Ìtumọ̀ "Hyper-" àti "Hypo-"

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà tí ojú wọn jọra, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn tako ara wọn pátápátá: "hyperglycaemia" àti "hypoglycaemia". Láti inú èdè Gíríìkì ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn ti wá. "Hyper-" túmọ̀ sí òkè tàbí ìrékọjá. "Hypo-" túmọ̀ sí abẹ́ tàbí ìsàlẹ̀. Èkíní ń tọ́ka sí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ jù, èkejì sì ń tọ́ka sí èyí tí kò tó.

Àwọn kan lè ní àyálò ni ó yá jù, kí a sáà máa kọ "háípàgiláísímíà" àti "háípògiláísímíà". N kò fara mọ́ èyí. Nínú ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́sàn-án, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni yóò máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Fáwẹ̀lì ọ̀hún kò sì lè sọ èyí tí í ṣe àpọ̀jù fún ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹwà èdè. Ẹ jẹ́ kí a wo alárùn àtọ̀gbẹ tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó míligíráàmù 70 nínú dẹsilítà kan, tí òógùn bò ó, tí ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ohun dídùn ni a ó tètè fún un, bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí olùtọ́jú rẹ̀ bá ṣi fáwẹ̀lì kan kà nínú ìwé ìlànà, tí ó wá fi ínsúlínì kún un, ó lè pa á.

Àbá tèmi ni pé kí a yá orúkọ nǹkan, kí a má yá àfòmọ́. "Ṣúgà" ti di tiwa. "Àpọ̀jù" àti "àìtó" sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Nítorí náà, "àpọ̀jù ṣúgà ẹ̀jẹ̀" àti "àìtó ṣúgà ẹ̀jẹ̀" ni ó tọ́. Bákan náà ni a lè sọ pé "àpọ̀jù ooru ara" àti "àìtó ooru ara".

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ti fìdí múlẹ̀ fún "hypertension". Kí a má fọwọ́ kàn án. A kò sì lè pe "hypotension" ní "àìtó ẹ̀jẹ̀", nítorí àìsàn mìíràn ni àwọn ènìyàn ń fi ìyẹn pè, èyí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó lára. "Àìtó ìfúnpá ẹ̀jẹ̀" ni yóò bá a mu.

Ẹni tí ó bá ní àwọn àpólà wọ̀nyí gùn jù, kí ó ka sílébù wọn. Méje péré ni "àpọ̀jù ṣúgà ẹ̀jẹ̀" ní. Méje náà ni èkejì rẹ̀. Àyálò tí a ní ó yá ni ó gùn jù. Mo wá ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtumọ̀ pé kí ẹ gbé àbá yìí yẹ̀ wò, kí háípà àti háípò tó ta gbòǹgbò nínú àwọn ìwé ìlera wa.